Ta Ló Ní Ìwé Orúkọ Lọ́wọ́?

Ní April 16, 2014, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Chibok, ilé iṣẹ́ ológun Nàìjíríà kéde pé wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀, pé mẹ́jọ péré ni wọn kò tíì rí. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Àwọn tí inú wọn kò dùn ni àwọn òbí tí wọn kò rí ọmọ kankan kí ó wọlé, àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Asabe Kwambura. Obìnrin náà sọ fún àwọn oníròyìn pé irọ́ ni, pé àwọn ọmọ òun ṣì wà nínú igbó. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ológun yí ohùn padà. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ dé òpin, ọmọ 276 ni wọ́n kó, 57 nínú wọn sì ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ká ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dákẹ́ ní ọjọ́ yẹn, ká ní àwọn òbí kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi ta ko ìkéde ìjọba, bóyá ọ̀rọ̀ Chibok ì bá ti parí sórí ọmọ mẹ́jọ. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi borí irọ́ náà. Iye ọmọ ni wọ́n mọ̀, wọ́n mọ orúkọ wọn, ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí sì ń sọ ohun kan náà.

Láti ìgbà tí a ti ń ka ìtàn ààbò ilé-ẹ̀kọ́ fún búlọ́ọ̀gù yìí, ibẹ̀ ni ọkàn wa máa ń padà sí. Bí wọ́n bá ní kí a dáàbò bo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí ó máa ń wá sí ẹnu ènìyàn ni ògiri, géètì, mẹ́gáàdì àti ṣọ́jà. A kò kóyán wọn kéré. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a kà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti mọ nǹkan tí òbí kò mọ̀, tàbí tí òbí ti mọ̀ tí kò sí ẹni tí ó bi í. A mọ̀ pé ìwà ipá ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ ju ti ajínigbé lọ. Pàṣán wà níbẹ̀, ìyà tí àwọn síníọ̀ fi ń jẹ ọmọ kékeré wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òkùnkùn náà wà níbẹ̀, ẹnìkan nínú wa yóò sì kọ tiwọn ní ọjọ́ mìíràn. Ti àwọn tí ń ti ìta wọlé wá gbé ọmọ ni a mú lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀ wa ju bí a ti rò lọ. Ní 1860, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè nítorí pé Kúrunmí kọ̀ láti gbà kí Adélù jọba ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn Àtìbà baba rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì wà ní Ìjàyè nígbà náà: Adolphus Mann, ará Jámánì tí ó ń bá CMS ṣiṣẹ́, àti àwọn Baptist ará Amẹ́ríkà, Phillips àti Stone. Bí ogun ti ń gùn, tí wọ́n dí ọ̀nà oko, ìyàn mú ìlú náà gidigidi. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá sí ilé àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn Baptist kó lára àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n ń bọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Ní March 1862, Ìjàyè fọ́.

Ẹ wo irú òbí tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe onígbàgbọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá ìwé fún ọmọ, nítorí pé ní ayé ìgbà yẹn ọmọ tí ó lọ sílé ìwé jẹ́ ọwọ́ kan tí ó dín lóko. Wọ́n mọ̀ pé bí ogun bá kó ọmọ àwọn, títà ni wọn yóò tà á. Nítorí náà wọ́n fi ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́, wọ́n sì mọ orúkọ àjèjì náà, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìlú tí ó ń kó ọmọ lọ. Lójú wa, èyí wà lára ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí òbí àti olùkọ́ jùmọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ ìwà ipá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kọ ìtàn ogun náà kì í sábà dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kúrunmí àti Ògúnmọ́lá ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ọdún kan ṣáájú ogun yẹn, ní June 6, 1859, Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́. Owó tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò kò wá láti ìlú òyìnbó: oníṣòwò kan ní Èkó, James Pinson Labulo Davies, ni ó yọ 50 pọ́n-ùn sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà nínú ilé kékeré kan ní Broad Street. Olùkọ́ mọ baba wọn, baba wọn sì mọ olùkọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò ìwé orúkọ láti ka mẹ́fà.

Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń pọ̀ sí i nìyẹn: Abẹ́òkúta ní 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Oǹdó ní 1919. Àwọn ará ìlú dáwó, wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀, wọ́n sì ń wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ nítorí pé owó wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ìlú ní àwọn ọdún 1970, iye ọmọ tí ó rí àyè wọlé pọ̀ sí i, ìyẹn dára púpọ̀, àwọn òbí tiwa náà sì wà lára wọn. Ohun tí a pàdánù kò hàn lójú ẹsẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ di ti ìjọba, òbí di àlejò. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé PTA rí mọ̀ ohun tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀: iye owó PTA táàmù yìí, ta ni kò tíì san, ẹ̀rọ amúnáwá, àga. Lẹ́yìn òfin UBE ti 2004, ìjọba ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́, ọba tàbí baálẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò jọ jókòó sí, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC. Lórí ìwé, ó dára. Ẹ bi àbúrò yín tí ó wà ní girama bóyá ó mọ ẹnìkan tí ó wà nínú rẹ̀.

Orúkọ Macaulay ni ilé-ẹ̀kọ́ Anglican kan ní Ìkòròdú ń jẹ́, Babington Macaulay Junior Seminary. Ní alẹ́ February 29, 2016, àwọn agbébọn wọ ibẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ kẹfà, ní March 6, ni wọ́n rí wọn gbà. Bí ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́yìn ìjínigbé náà, àwọn òbí ti kún ẹnu géètì láti kó ọmọ wọn lọ sílé. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ìgbà tí òbí kọ́kọ́ dé ní tòótọ́, láti kó ẹrù ọmọ ni ó bá dé. Ní January 2017 ó kan ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará Tọ́kì ní Ìṣẹrì, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta àti òṣìṣẹ́ márùn-ún, wọn kò sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé. Ní February ọdún náà, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ajínigbé ní ìpínlẹ̀ Èkó, ikú sì ni bí ẹni tí wọ́n jí bá kú sọ́wọ́ wọn. Òfin náà kò pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi wọ Igbónlá.

A óò dúró díẹ̀ ní Igbónlá, nítorí pé ohun gbogbo wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Model College tí ó wà níbẹ̀, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wà lára àwọn tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 fún àwọn ọmọ tí orí wọn pé. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń gbé. Igbó àti irà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní October 2016, àwọn agbébọn wọlé, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin àti lára àwọn òṣìṣẹ́, títí kan igbá-kejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ yẹ kí ó sá fún ihò, àbí? Oṣù keje lẹ́yìn náà, ní May 25, 2017, wọ́n tún padà wá. Ẹ̀yìn ọgbà, láti inú irà, ni wọ́n gbà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní Igbónlá, ojú ihò náà gan-an ni. Wọ́n ṣa àwọn ọmọkùnrin, wọ́n dá àwọn kan padà, wọ́n sì mú mẹ́fà lọ.

Mẹ́fà. Iye tí Macaulay fi bẹ̀rẹ̀ ní 1859.

Ohun tí ó ń dun àwọn òbí jù ni ìròyìn tí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ náà pé àwọn ajínigbé ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn ń bọ̀, pé àwọn aláṣẹ mọ̀, ọlọ́pàá sì mọ̀. Òwe wa ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èyí tí ó ju òwe lọ ni pé ẹni tí ó fẹ́ ju òkò ti kọ ìwé pé òun ń bọ̀ wá jù ú, àwọn tí wọ́n bí ọmọ kò sì gbọ́. A gbìyànjú láti wo ọ̀rọ̀ náà láti apá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí o bá sọ fún òbí, gbogbo wọn yóò kó ọmọ wọn lọ ní ọjọ́ kejì, ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣófo, iṣẹ́ rẹ lè bọ́, wọ́n sì lè ní o ń dá ìpayà sílẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó ń bẹ̀rù náà ni ó padà ṣẹlẹ̀: àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ṣófo, ìpayà gba Ẹ̀pẹ́ kan. Mẹ́fà sì ti lọ.

Ọjọ́ 64 ni àwọn ọmọ náà lò nínú igbó. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn òbí mẹ́fà náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ara wọn rí, di ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń tu owó jọ, wọ́n ń bá àwọn ajínigbé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n jáde sí ojú pópó láti fi ẹ̀hónú hàn. Irú PTA tí ó yẹ kí ó ti wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà nìkan ni ó wà fún. Ní July 28, wọ́n rí àwọn ọmọ náà gbà ní agbègbè olódò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Gbogbo wọn ló padà wálé láàyè.

Ohun kan náà hàn ní òkè Ọya, níbi tí ìjì náà ti le jù, ìdí sì nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti Chibok. Ní alẹ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn, ìjọba Borno ti ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa láti oṣù tí ó ṣáájú. Nítorí ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n fi tún ṣí Chibok. Àwọn baba kan gun ọ̀kadà tẹ̀lé ipa ọkọ̀ wọnú igbó, pẹ̀lú ọfà àti àdá, títí àwọn ará abúlé fi kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n padà bí wọn kò bá fẹ́ kú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní February 19, 2018, ó kan Dapchi ní ìpínlẹ̀ Yobe. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn ológun ti gba lára àwọn ọmọ sílẹ̀, wọ́n tún kó ọ̀rọ̀ náà jẹ ní ọjọ́ kejì, bí ẹni pé wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan láti Chibok. Àwọn òbí ni ó kọ́ ọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yan Bashir Manzo ṣe alága, wọ́n sì ń lọ láti ilé dé ilé láti kọ orúkọ. 105 ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé wọn nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá sọ iye tirẹ̀, 110 ni. Títí àwọn òbí fi parí ìwé tiwọn, ẹnu ìjọba kò tíì kò lórí iye ọmọ tí a ń wá. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà. Márùn-ún ti kú, wọ́n sì di Leah Sharibu mú nítorí pé ó kọ̀ láti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ girama nìkan ni èyí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa. Ní March 11, 2021, akẹ́kọ̀ọ́ 39 ni wọ́n kó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ igbó ní Afaka, Kaduna, àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà sí tiwa. Wọ́n ń dá wọn sílẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ May, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn gba Abuja lọ, wọ́n dúró sí ẹnu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, May 5, àwọn 27 tí ó kù jáde. Àwọn òbí náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè Ọbásanjọ́ àti Sheikh Gumi fún ipa tí wọ́n kó. Lójú wa, àpẹẹrẹ Afaka ṣe pàtàkì nítorí pé òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ dúró síbẹ̀. Ní yunifásítì, ohun tí ó so ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ òbí wa kò ju nọ́ńbà fóònù kan tí a kọ sórí fọ́ọ̀mù ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí a ń ṣètò àròkọ yìí, a bi ara wa léèrè: nínú àwa mẹ́fà tí a jọ kọ ọ́, òbí mẹ́ta ni kò mọ orúkọ ilé tí ọmọ wọn ń gbé níta ọgbà, ẹni méjì sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà tí ó wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Nínú ọgbà pàápàá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Awólọ́wọ̀ Hall ní Ifẹ̀ ní òru July 10, 1999, tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, wà lára wọn, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ó ti ń pariwo ṣáájú pé ewu ń bọ̀.

Ìjọba kò jókòó lásán. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Safe Schools Declaration tí wọ́n ṣe ní Oslo ní 2015, ìpàdé àgbáyé rẹ̀ sì wá sí Abuja ní 2021. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò ilé-ẹ̀kọ́ jáde. Nílẹ̀ Yorùbá, Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2020. Ìjìnlẹ̀ ìwé ni wọ́n kọ. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí yóò pe ìyá ọmọ bí lẹ́tà bíi ti Igbónlá bá tún dé, àti wákàtí tí yóò pè é.

Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri sí i, àwọn ajínigbé kan kò lọ sí ẹnu ògiri mọ́. Ní ọjọ́ Monday, January 29, 2024, ọjọ́ tí wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ Apostolic Faith ní Ẹ̀mùrẹ́ ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké lọ sílé ní ọ̀nà Eporo. Wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ òbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. Èyí tí a kò gbàgbé nínú ìròyìn náà ni pé àwọn ọmọ kò dá wà nínú bọ́ọ̀sì: olùkọ́ wọn ń sìn wọ́n lọ sílé. Àwọn ajínigbé kó olùkọ́ pẹ̀lú ọmọ wọnú igbó. Òru mẹ́fà ni wọ́n jọ sùn níbẹ̀, kí ó tó di February 4 tí wọ́n jọ padà wálé.